Ta ló ń lọ yunifásítì lọ kọ́ eré sísá?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mo rí mẹ́rin tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, agbègbè Ìkòròdú sì ni gbogbo wọn ti wá, ni mo bá ní kí n kó àwọn yòókù sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ exercise science ni, ẹ̀kọ́ nípa bí ara èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá ń ṣe eré ìdárayá, èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń pè ní Human Kinetics. Òun ni èmi fúnra mi kà, òun náà ni mo sì fi ń jẹun, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá sọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 17, ilé wa ò jìnnà sí Ọ̀dògùnyàn. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bí ẹní máa kú, ó wá ní exercise science lòun fẹ́ lọ kà. Bàbá ẹ̀ ní kò jọ ọ́, pé ta ló ń lọ yunifásítì lọ kọ́ eré sísá, pé ṣé òun máa wá ta ilẹ̀ kí ọmọ lè máa fọn fèrè káàkiri pápá ni. Mi ò mọ ẹ̀yìn ta ni kí n wà. Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀? *Ìyá Ọlọ́mọ, Ọ̀dògùnyàn*

Ìdáhùn: Mọ̀mí, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí inú bí yín sí bàbá o, ìbéèrè tí wọ́n bi yẹn náà ni bàbá tèmi bi mí lọ́jọ́ tí mo mú fọ́ọ̀mù wálé, àsìkò yẹn mi ò ní èsì, mo kàn ń sunkún ni. Èsì ti wà lẹ́nu mi báyìí.

Ẹ jẹ́ ká mú eré sísá yẹn gan-an. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí ò jìnnà sí wa níbí, lọ́dún 2022 ní Eugene l'Amẹ́ríkà, ó sá 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi, sẹ́kọ́ńdì 12.12 ló fi sá a, kò sí obìnrin tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Igi 10 ló wà lójú ọ̀nà yẹn, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83.8, láti ibi tí wọ́n ti gbéra dé igi àkọ́kọ́ mítà 13 ni, láti igi kan sí ìkejì mítà 8.5, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n sì máa ń gbé láàárín igi méjì. Tó bá fò ga jù, á pẹ́ lókè, nígbà téèyàn bá sì wà lókè kò sí ilẹ̀ tó máa fẹsẹ̀ tì. Tó bá fò rẹlẹ̀ jù, igi á gbá a lẹ́sẹ̀. Ta ló máa wo fídíò ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó máa wọn igun orúnkún ẹ̀, tó máa ṣírò ibi tó yẹ kẹ́sẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ kó tó dé igi? Ẹni tó ka bayomẹkáníìsì ni, ọ̀kan nínú kọ́ọ̀sì tí ọmọ yín máa ṣe nìyẹn. Físíìsì ni lára èèyàn. Kò sí fèrè kankan níbẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí, torí òun ló mú bàbá tèmi dákẹ́. Lọ́dún 1953, dókítà kan nílùú London tó ń jẹ́ Jeremy Morris tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn. Dírẹ́bà jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kọ̀ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba owó. Ilé iṣẹ́ kan náà, ìlú kan náà, ṣùgbọ́n àwọn dírẹ́bà ni àrùn ọkàn ń mú jù, òun ló sì ń tètè pa wọ́n jù. Kí Morris àtàwọn èèyàn ẹ̀ tó gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde, ìwọ̀nba èèyàn ló gbà pé jíjókòó lásán lè ṣe ọkàn níjàǹbá. Ẹ wá lọ dúró ní gáréèjì Ìkòròdú láago márùn-ún ìdájí kẹ́ ẹ wo àwọn dírẹ́bà tó máa jókòó sínú gosiló títí dé Mile 12, tí wọ́n máa jókòó padà wá, tí wọ́n máa jẹ ẹ̀bà alẹ́ tí wọ́n á sì sùn. Ta ló ń wọn BP wọn? Ta ló máa sọ fún wọn irú eré ìdárayá tí ẹni tí ikùn ẹ̀ ti yọ, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, lè bẹ̀rẹ̀ tí kò fi ní ṣubú lulẹ̀? Iṣẹ́ wa nìyẹn.

Ó ń dùn mí gan-an ni, torí mo ti rí i níwájú mi. Ní jíìmù kan báyìí, ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà kàn gbé irin wúwo lé e lọ́wọ́, ó ní "Daddy, ẹ gbé e, ẹ fún un lágbára." Bàbá sé èémí, ojú wọn pọ́n kuku, iṣan ọrùn wọn yọ síta bí okùn. Téèyàn bá sé èémí tó sì ń gbé nǹkan wúwo, ńṣe ni BP á fò sókè lójijì, fún ẹni tí BP ẹ̀ ti ga tẹ́lẹ̀, nǹkan tó lè fa rọpárọsẹ̀ ni. Mo sáré lọ bá wọn, mo ní kí wọ́n gbé irin yẹn sílẹ̀, kí wọ́n mú kékeré, kí wọ́n máa fẹ́ èémí síta bí wọ́n bá ṣe ń gbé e. Ọmọkùnrin tó ń tọ́ wọn sọ́nà ò ṣèkà, kò kàn mọ̀ ni. Apá ẹ̀ ki, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní purọ́ fún yín. Tọ́mọ bá jáde lónìí, kò sí ẹni tó ń dúró dè é pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Àwọn tá a jọ jáde, àwọn kan ń kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́, àwọn kan wà ní jíìmù ńlá ní Lẹ́kí àti Ìkẹjà, àwọn kan ń lọ sílé àwọn olówó lọ ṣe wọ́n ní ẹ́sásáìsì láràárọ̀ (àwọn yẹn ń rí owó o), àwọn kan wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, àwọn tó lórí ìwé sì lọ ka másítà, wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Ẹni tó bá tún fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí òkè òkun, bíi CSCS, ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń kọ́ eléré ìdárayá bí wọ́n ṣe ń ní agbára, tí ẹgbẹ́ NSCA l'Amẹ́ríkà ń fúnni, digíríì wà lára nǹkan tí wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe apá kíki.

Àmọ́ nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bi ọmọ yín kẹ́ ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù. Ṣé bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn, àbí ó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù? Méjèèjì ò jọra rárá. Lọ́dún kìíní, Baọ́lọ́jì àti Kẹ́mísìrì ló máa pàdé, Físíìsì náà á yọjú, tó bá dé ọdún kejì á bá egungun 206 tó wà lára àgbà pàdé, á mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún mọ iṣan tó so mọ́ ọn, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ìṣirò tó ń jẹ́ statistics wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tó ń sá fún Baọ́lọ́jì nítorí bọ́ọ̀lù, á jìyà. Ẹ ní kó jókòó ti Baọ́lọ́jì dáadáa fún WAEC, kó sì yẹ brochure JAMB wò lórí yunifásítì kọ̀ọ̀kan torí ohun tí wọ́n ń bèèrè ò dọ́gba. Kó mọ̀ pẹ̀lú pé abẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́, Education, ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wa fi kọ́ọ̀sì yìí sí, bó ṣe wà ní UNILAG àti n'Íbàdàn nìyẹn, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kí wọ́n tó jáde. Kí ìyẹn má dẹ́rù bà á. Ẹni tó bá ti dúró níwájú kíláàsì SS2 tí wọ́n ń pariwo lọ́sàn-án gangan, kò sí aláìsàn tí kò ní lè bá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, bàbá mi ń wa yanrìn ní Màjídùn, wọ́n ń wọ inú omi lọ bù ú pẹ̀lú garawa ni. Mo ti ṣe WAEC, mo gba B nínú Baọ́lọ́jì. Mi ò lè sáré, mi ò gbá bọ́ọ̀lù rí, mo sanra díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ fún mi nípa kọ́ọ̀sì yìí, ó wù mí, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. *Ọmọ Màjídùn*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, lẹ́tà tìẹ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ìwọ gan-an ni mò ń wá.

Gbọ́ o. Bàbá ẹ tó ń wọlé sínú omi yẹn, ìwé tó ṣí sílẹ̀ ni. Ṣé o ti jókòó sẹ́bàá omi wò wọ́n dáadáa rí? Èmi ti wò wọ́n. Wọ́n á di ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ mú, wọ́n á fa èémí, wọ́n á wọlé, omi á pa dé, gbogbo ibẹ̀ á dákẹ́, wà á kàn máa wo ọkọ̀ tó ń mì díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà garawa á kọ́kọ́ yọ, orí á tẹ̀ lé e. Wọ́n á da yanrìn sọ́kọ̀, wọ́n á tún fa èémí. Wọ́n á ṣe é báyìí títí ọkọ̀ á fi kún, tí omi á fi kù díẹ̀ kó wọlé léteetí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé atẹ́gùn tó tán nínú ara ló ń lé èèyàn jáde lábẹ́ omi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gangan. Nǹkan tó ń pariwo nínú àyà pé "jáde, jáde" ni èéfín tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe, carbon dioxide, tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń ta ọpọlọ jí. Ibẹ̀ ni ewu wà, kí o sì sọ ọ́ fún bàbá ẹ lónìí, má dúró de yunifásítì. Tí ẹnì kan bá ń mí gùlegùle lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún kó tó wọlé, pé kóun lè pẹ́, èéfín yẹn ló ń tú dà nù, atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lé sí i. Tó bá wá délẹ̀, agogo tó yẹ kó lù kò ní tètè lù mọ́, atẹ́gùn á tán, ojú ẹ̀ á ṣú lábẹ́ omi láì jẹ́ pé ara kìlọ̀ fún un. Ó ti pa àwọn tó mọ omi wẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n má mí gùlegùle, kí wọ́n sinmi láàárín wíwọlé kan sí ìkejì, kí ẹnì kan sì máa wà lórí ọkọ̀ tó ń wò wọ́n.

Ojú tún wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn o. Téèyàn bá sé èémí tó sì ki ojú bọ omi, pàápàá omi tútù, ọkàn ẹ̀ á rọra máa lù, ara ló ń ṣọ́ atẹ́gùn ná. Ní Indonesia, àwọn ẹ̀yà kan wà tó ń jẹ́ Bajau, orí omi ni wọ́n ń gbé, abẹ́ omi ni wọ́n ti ń pa ẹja láti ayébáyé. Àwọn olùwádìí yẹ ara wọn wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2018 pé ọlọ inú wọn fi bí ìdajì tóbi ju ti àwọn aládùúgbò wọn tó ń dáko lọ, ọlọ sì jẹ́ ibi tí ara ń kó sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pa mọ́ sí. Ta ló ti yẹ tàwọn ará Màjídùn wò? Ta ló ti wọn èémí àwọn ará Bàyèkù? Ìwọ lè jẹ́ ẹni náà. Ọdún kẹrin máa ń ní iṣẹ́ àkànṣe tí o gbọ́dọ̀ ṣe, tìẹ ti wà nílẹ̀ nínú ilé yín.

Ọ̀rọ̀ sísanra, ọ̀rọ̀ pé o ò lè sáré, jọ̀ọ́ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ pápá wà nínú kọ́ọ̀sì náà lóòótọ́, wọ́n máa ní kó o jù nǹkan, kó o fò, kó o wẹ̀, ó máa rẹ̀ ẹ́ wọ̀ọ̀, àmọ́ ẹni tó bá tẹra mọ́ ọn máa ń yege. Àwọn tó máa ń kẹ́yìn nínú eré sísá ló máa ń fẹ́ mọ ìdí tó fi ń rẹ̀ wọ́n.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀kan náà ni kọ́ọ̀sì yìí àti fisiọ (physiotherapy)? Àǹtí mi ní tí mo bá kà á màá di fisiọ. *Ṣé Òótọ́ Ni, Sábó*

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ bá mi sọ fún àǹtí. Fisiọ ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, ó lé ní ọdún mẹ́rin, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ kó tó lè fọwọ́ kan aláìsàn. Ẹni tó bá ka tiwa ò gbọ́dọ̀ pe ara ẹ̀ ní fisiọ láéláé. Tí ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ò bá tíì lè gbé ọwọ́, ti fisiọ ni. Tó bá ti ń rìn, tó ń fẹ́ kí agbára òun padà, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wálẹ̀, kó má tún padà síbi tó ti kúrò, ibẹ̀ ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ fisiọ ló wù ẹ́, jókòó sílé kó o tún JAMB ṣe, má gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ìbéèrè: Mà, 200 level ni mo wà, ilé wa wà ní Ìpakodò. Physiology, ẹ̀kọ́ bí ẹ̀yà ara ṣe ń ṣiṣẹ́, fẹ́ pa mí. Mo ti crám ẹ̀ títí, carryover ni mo gbà. Kí ni kí n ṣe? *Ó Ti Sú Mi*

Ìdáhùn: Má jẹ̀ẹ́ kó sú ẹ, àbúrò. Ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo ṣe nínú physiology, mo gba 19 nínú 100, mo ṣì rántí bí wọ́n ṣe fi bírò pupa yí i po. Crámúcrámú náà ni mo ń ṣe. Ara ò ṣeé há sórí, ó ń ṣiṣẹ́ lọ ni, o gbọ́dọ̀ wò ó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ agbára inú iṣan tó máa ń da gbogbo èèyàn láàmú yẹn, lọ sídìí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ní etí omi yín. Wọ́n ṣá ìṣáná, ó tàn fòò, kò pẹ́ tó fi kú: agbára tó ti wà nínú iṣan tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ATP àti creatine phosphate, ó tó ẹni tó ń sáré 100 mítà fún bíi sẹ́kọ́ńdì 10. Ìṣáná ran èèpo àgbọn, iná ẹ̀ le, èéfín ẹ̀ pọ̀, kò lè pẹ́: ṣúgà tí iṣan ń fọ́ láì dúró de atẹ́gùn nìyẹn, ẹni tó ń sá 400 mítà mọ̀ ọ́n. Èèpo àgbọn wá ran ìtì igi, ìyẹn kì í yára, ṣùgbọ́n òun ló máa yan ẹja náà di àárọ̀: èyí tó ń lo atẹ́gùn nìyẹn. Àṣìṣe tí gbogbo èèyàn ń ṣe nínú ìdánwò ni pé wọ́n rò pé ọ̀kan máa ń kú kí ìkejì tó tàn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń jó ni, èyí tó ń jó jù ló ń yí padà. Kó o sì yéé kọ ọ́ pé lactic acid, ásíìdì tí iṣan ń ṣe nígbà téèyàn bá ń sáré gan-an, ló ń jẹ́ kí ara ro èèyàn lọ́jọ́ kejì. Ìyẹn ti máa ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín bíi wákàtí kan, ìrora ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta, iṣan tó ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló ń fà á.

Èyí tó là mí lójú gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkàn. Olùkọ́ wa kan gbé bẹ́ǹṣì wọ kíláàsì lọ́jọ́ kan, gíga ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 41, ó ní kí àwa obìnrin máa gun un, ká máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejìlélógún ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta (ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún ni tàwọn ọkùnrin). Tó bá ti parí, dúró, ka sẹ́kọ́ńdì márùn-ún, wá fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, ka bó ṣe ń lù fún sẹ́kọ́ńdì 15, sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́rin. Èmi tí mo ń sá eré fún ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà yẹn rí 40, ìyẹn 160. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa, ará Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe eré kankan, ó kàn máa ń bá màmá ẹ̀ kiri ẹja lórí ní gbogbo ìgbà tá a bá gba ìsinmi. Ó rí 31. Mo ní kó tún un kà, ó tún rí 31, ìyẹn 124. Olùkọ́ ò sọ nǹkan kan, ó kàn kọ ọ́ sójú pátákó pé ọkàn èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde tó kẹ́ẹ̀gì líta 5 ní ìṣẹ́jú kan, ti àwọn ògbólógbòó eléré tó ń sáré tagbára tagbára sì lè ju líta 30 lọ, ó ní ká sọ ọ̀nà tí ọkàn lè gbà ṣe é. Méjì péré ló wà: kó lù léraléra, tàbí kó tú púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Mo wo ọmọ Ẹ̀pẹ́ yẹn, mo wo ara mi, ó yé mi. Ẹja orí yẹn ti kọ́ ọkàn ẹ̀ láti máa tú púpọ̀ jáde. Ìwé tí mo ti ń há láti oṣù méjì, ó wọlé ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Wá bẹ́ǹṣì tó le dáadáa, tí kò ní yí, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé kéwú àdúgbò yín máa tó. Tí àyà bá ń dùn ẹ́ tàbí o ní àrùn kankan, má dán an wò. Tí ara ẹ bá yá, ṣe é lálẹ́ òní, pe ẹ̀gbọ́n ẹ kan kó ṣe é, pe ẹnì kan tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ní jẹ́tì Ìpakodò kó ṣe é, kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, lẹ́yìn náà kó o wá ṣí ìwé ẹ síbi cardiac output, ìyẹn iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan. Fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ rí tẹni tó ń wa ọkọ̀ yẹn.